Oúnjẹ Abiyamọ Tí Ó Bímọ Lóru

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa ní Odigbo)

Nígbà tí Akọ̀wé ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá ìpàdé sọ̀rọ̀, ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó ṣáájú ilé ẹ̀kọ́. Kí ọmọ tó dé ọ̀dọ̀ olùkọ́, ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bí i. Bí ó bá sì jẹ́ pé òru ni ó bí i, mo fẹ́ kí á jọ bi ara wa léèrè ohun tí ìyá náà rí jẹ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àwọn àgbà obìnrin wa ti mọ̀ tipẹ́ pé òru ni ìrọbí fẹ́ràn. Àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wá ka iye rẹ̀. Wọ́n gbé àkọsílẹ̀ ìbímọ tí ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún yẹ̀ wò, èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ náà láti ọdún 2005 títí di 2014, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, ó lé ní 71 tí a bí lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́ ọ́fíìsì, ìbáà jẹ́ lóru tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ní ọjọ́ ìsinmi. Ní ti àwọn ìyá tí ìrọbí wọn bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí dókítà kò fi oògùn tì í, láàárín agogo kan òru sí agogo méje òwúrọ̀ ni ọmọ wọn ń dé jù lọ, góńgó rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìdájí. Agogo mẹ́rin ìdájí ni ìgbà tí àkùkọ ń kọ, tí iná inú ààrò gbogbo ti kú, tí ẹni tí ó jí pàápàá kò tí ì dá iná mìíràn.

Ẹ̀yin ará Ore lè sọ pé ọ̀rọ̀ mi kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Lóòótọ́, oríta ni Ore. Ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Benin gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà tí ó ti Oǹdó wá gba Odigbo já sí i, ọ̀nà Òkìtìpupa sì ya kúrò níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ àti èrò ọkọ̀ ti mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti ń sọ̀ jẹun. (Ogun abẹ́lé ọdún 1967 tilẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ẹnu, tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé ohun kan le bí ìjà Ore.) Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dùn mí nìyẹn gan-an. Àlejò tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní alẹ́, kí ó jẹ ẹ̀bà àti ẹran ìgbẹ́, kí ó fọwọ́, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ, nígbà tí ọmọ wa obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀ ní ìlú kan náà dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ikùn òfìfo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tí ó ṣojú mi. Ní àkókò òjò tí ó kọjá, obìnrin kan tí mo ti kọ́ nígbà tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rọbí ní àbà ọkọ rẹ̀ nínú oko kòkó. Iṣu sísun tí ó jẹ ní ọ̀sán ni oúnjẹ tí ó wà nínú rẹ̀. Orí ọ̀kadà ni wọ́n gbé e sí, nínú ẹrẹ̀, kí wọ́n tó dé títì, ilẹ̀ sì ti ṣú kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Agogo méjì òru ni ó bí ọmọkùnrin kan. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́ fún gbogbo wọ́ọ̀dù náà, ó sì ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ kí agbẹ̀bí ṣe: ó gba ọmọ, ó gba ibi, ó rán ojú ibi tí ó ya, ó gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ láyà. Ṣùgbọ́n kò ní oúnjẹ, ilé ìwòsàn kò sì fún un ní ọ̀kan tí yóò fi fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ jáde lọ sínú òjò, bíìsíkíìtì kan àti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan ni ó rí mú bọ̀. Nígbà tí obìnrin náà fẹ́ dìde lọ sí balùwẹ̀ ní ìdájí, òyì kọ́ ọ, ó ṣubú lu ìlẹ̀kùn. Ọpẹ́ ni pé kò gbé ọmọ dání. Agogo mẹ́sàn-án kù díẹ̀ ni ìyá ọkọ rẹ̀ tó dé pẹ̀lú ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹja.

Láti ọ̀sán àná títí di agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀, wákàtí mọ́kànlélógún ni. Mùsùlùmí tí ó ń gba ààwẹ̀ oṣù Ramadan kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìjẹun, òun náà sì ń jẹ sààrì, ẹ̀sìn rẹ̀ sì yọ̀ǹda fún aboyún àti ìyá tí ó ń fún ọmọ lọ́mú pé kí wọ́n má gbà á bí ó bá máa pa wọ́n lára. Èmi kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, nítorí kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀, n kò sì fẹ́ kí á di ẹ̀bi rú nọ́ọ̀sì tí ó dá nìkan ṣe iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta.

Iṣẹ́ agbára ni ìrọbí. Ẹni tí ó bá ro oko láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé kí ó lọ sùn láìjẹun. Obìnrin tí ó rọbí fún wákàtí mẹ́wàá tàbí méjìlá ṣe ju ìyẹn lọ. Ó làágùn, omi ara rẹ̀ dín kù, ẹ̀jẹ̀ sì jáde. Títí dé nǹkan bí ìdajì lítà ni àwọn oníṣègùn ń kà sí ohun tí ara lè fara dà. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ń pè é ní ìsun-ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ara tí ó ti ní ẹ̀jẹ̀ tó ni a ń sọ. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin Nàìjíríà tí ó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, 58 ni kò ní ẹ̀jẹ̀ tó. Èyí ni pé ju ìdajì lọ nínú wọn ni ó ti jẹ gbèsè kí wọ́n tó dé ojú ogun. Lẹ́yìn náà ni ọmú fífún bẹ̀rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí ọmọ mu ọmú láàárín wákàtí kan tí a bí i, kí ó lè rí wàrà àkọ́kọ́ tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ náà mu. Ìwádìí ọdún 2018 kan náà sọ pé 42 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ni ó rí bẹ́ẹ̀ gbà. Ìyá tí ó bá ń fún ọmọ lọ́mú nílò oúnjẹ tí ó fi nǹkan bí 500 kálórì ju ti ẹni tí kò fún ọmọ lọ́mú lọ lójoojúmọ́. N kò sọ pé ebi òru kan ni yóò gbẹ ọmú. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí òyì ń kọ́ kò lè gbé ọmọ mọ́ra bí ó ti yẹ.

Ní ayé àwọn ìyá wa àgbà, irú ìṣòro yìí kò sí, ó sì yẹ kí á mọ ìdí rẹ̀. Ilé ni wọ́n ń bímọ sí. Bí ìrọbí bá ti mú obìnrin, ohun àkọ́kọ́ tí ìyá ilé yóò ṣe ni pé kí ó dá iná, nítorí omi gbígbóná tí a ó fi wẹ ìyá àti ọmọ. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá ti wà lábẹ́ ìkòkò omi, kò sí ohun tí ó ní kí á má gbé ìkòkò ẹ̀kọ kà á lẹ́yìn rẹ̀. Kí ọmọ tó sunkún tán ni ẹ̀kọ gbígbóná ti wà nínú igbá, tí ọbẹ̀ ata pẹ̀lú ẹja gbígbẹ ti ń hó. Kò sí ẹni tí ó pè é ní ètò ìlera. Ààrò wà lẹ́bàá ẹni tí ó bímọ, ó tán. Ní ọ̀nà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wọ̀nyẹn ni ó kú sí ojú ìkúnlẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ àti nítorí ọmọ tí ó gbé ìbú, èmi kò sì ní tìtorí ẹ̀kọ gbígbóná sọ pé kí á padà síbẹ̀. Ilé ìwòsàn wá, ó gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n bí ó ti ń gba ẹ̀mí là ni ó gbé abiyamọ kúrò lẹ́bàá ààrò, kò sì gbé ààrò náà tẹ̀ lé e. Ó fi oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn ará ilé. Ará ilé sì rèé, ó wà ní àbà tí ó jìnnà, ojú ọ̀nà sì ti ṣú.

Ìwádìí ọdún 2018 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sọ pé 39 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà ni a bí sí ilé ìwòsàn. Àwọn ènìyàn ń sọ pé owó ni, pé ọ̀nà ni, pé àìmọ̀kan ni, gbogbo rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi àwọn ìyá ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi léèrè ìdí tí wọ́n fi lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí ìbílẹ̀ tàbí sí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ aládùúrà, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tí yóò fún wọn ní ohun gbígbóná. Ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo ìdáhùn yìí. Ní ọdún 2009, nígbà tí Dókítà Olúṣẹ́gun Mimiko jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ wa, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ̀rẹ̀, wọ́n sì ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ sí Àkúrẹ́ ní ọdún 2010, níbi tí ìtọ́jú ti jẹ́ ọ̀fẹ́. Wọ́n sọ pé ìdádúró mẹ́rin ni ó ń pa aboyún: kí ó pẹ́ kí ó tó pinnu láti wá ìtọ́jú, kí ó pẹ́ lójú ọ̀nà, kí ó pẹ́ kí wọ́n tó dá a lóhùn bí ó bá dé, kí ó sì pẹ́ kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn tí ó tóbi jù. Ètò tí ó ní láárí ni, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì wá wò ó. Bí wọ́n bá bi mí, màá fi ìdádúró karùn-ún kún un, èyí tí ó wà láàárín ìgbà tí ibi jáde àti ìgbà tí oúnjẹ dé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú ọba, ẹ má rò pé ẹ ti bọ́ nínú rẹ̀. Gbogbo àwọn ọmọ wa tí ó ti bímọ ní ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀ ni ó mọ ife tíì àti búrẹ́dì tí a fi iná yan, tí a fi bọ́tà pa, tí nọ́ọ̀sì ń gbé wá fún ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àwọn òyìnbó fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í gbàgbé rẹ̀ láéláé. Ó dára, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tíì máa ń dí irin inú oúnjẹ lọ́wọ́ láti wọ inú ẹ̀jẹ̀, tí ó fi sàn kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó mu un lẹ́yìn oúnjẹ pẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn búrẹ́dì méjì náà, ilé ìdáná ti tì, ní àwọn ibòmíràn wọ́n sì ti ní kí ọkọ máa lọ sílé títí di òwúrọ̀. Ní ọdún 2019, lẹ́yìn tí àwọn aláìsàn kan kú nítorí búrẹ́dì alápòpọ̀ tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn, ìjọba wọn yan ìgbìmọ̀ kan láti wo oúnjẹ ilé ìwòsàn gbogbo. Ìròyìn tí ìgbìmọ̀ náà gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 sọ pé kí a tún ilé ìdáná ṣe, kí oúnjẹ lè wà tọ̀sán tòru fún aláìsàn àti fún òṣìṣẹ́. Nítorí náà ìlú tí ó ní owó jù wá lọ pàápàá ṣì ń wá ọ̀nà sí ohun tí mo ń sọ yìí. Kò jẹ́ ìtìjú fún wa láti gbé e kalẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó mú ọ̀rọ̀ mi lọ sí ibi tí n kò rán an, ìkìlọ̀ kan wà. Àwọn ìyá kan bi mí pé ṣé kì í ṣe nọ́ọ̀sì fúnra wọn ni ó ń sọ pé kí ẹni tí ó ń rọbí má jẹun? Òótọ́ ni, ó sì ní orírun. Ní ọdún 1946, dókítà kan ní New York, Curtis Mendelson, kọ̀wé pé nínú oyún 44,016 tí wọ́n tọ́jú, obìnrin 66 ni ohun inú ikùn wọn gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí wọ́n fi oògùn kùn wọ́n lóorun. Méjì nínú wọn kú. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti fi òfin de oúnjẹ. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ̀yìn ni a ń gún ní abẹ́rẹ́, ẹni náà kò sì sùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ ní ọdún 2018 pé obìnrin tí kò sí ewu pàtàkì lára rẹ̀ lè jẹ, kí ó sì mu, nígbà ìrọbí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá fi iṣẹ́ abẹ gba ọmọ lára rẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tí ì dá, dókítà àti nọ́ọ̀sì ni yóò sọ ìgbà tí yóò fi ohun kan sẹ́nu. Ìyá ọkọ kò gbọdọ̀ fi ìborùn bo abọ́ wọlé lọ jí i bọ́. Ẹni tí ó bímọ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí agbẹ̀bí sì ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí ìdí kan tí irú rẹ̀ fi ní láti dúró de ìlà oòrùn.

Ní ti ohun tí a ó fún un, mo ti rò ó títí, mo sì ti bá nọ́ọ̀sì méjì tí ó ti fẹ̀yìn tì sọ̀rọ̀. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ tí a sè ní ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ de òru kò dára, nítorí oúnjẹ sísè kò yẹ kí ó ju wákàtí méjì lọ níta láìgbóná. Oró tí kòkòrò ń tú sínú ìrẹsì tí ó ti tutù kì í lọ bí a bá tún un gbóná. Mọ́ínmọ́ín náà ń tètè bà jẹ́. Ohun gbígbẹ tí omi híhó lè sọ di oúnjẹ lójú ẹsẹ̀ ni ó yẹ wá: ògì tí a sá gbẹ tí a lọ̀ kúnná, mílíìkì lẹ́búlẹ́bú, ṣúgà, ẹ̀pà yíyan tí a lọ̀, àti ẹyin tútù tí a lè bọ̀ nígbà tí a bá fẹ́. Ẹ̀kọ mímu nìkan kò tó. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní àwọn ọdún 1950, níbi tí Dókítà David Morley láti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ti ṣètò ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún, ó hàn gbangba pé ọmọ tí ó bá ń mu ẹ̀kọ lásán yóò rù bí inú rẹ̀ tilẹ̀ yó. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ ọkùnrin náà ni pé àwọn nọ́ọ̀sì ni ó fi í lé lọ́wọ́, kò dúró de ìgbà tí dókítà yóò pọ̀. Ẹ̀kọ tí a bá fi mílíìkì àti ẹ̀pà sí, tí a sì fi ẹyin méjì tì í lẹ́yìn, yóò gbé ìyá dé òwúrọ̀, nígbà tí ará ilé yóò gbé iyán tàbí púpúrú, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹja dé.

Iṣẹ́ ìjọba ni, ẹnìkan lè sọ bẹ́ẹ̀. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí a wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá ni ó dá owó kọ́ ilé ìgbẹ̀bí fúnra wọn kí ìjọba tó rán agbẹ̀bí síbẹ̀. Àwọn tí ó kọ́ ilé ti ṣe tiwọn. Tiwa kò ju pákó kan tí ó ní kọ́kọ́rọ́, sítóòfù gáàsì kan, ìkòkò omi kan, fúláàsì ńlá méjì àti abọ́ tí ó ní ìdérí lọ, kí á fi sí ilé ìwòsàn kan ní Odigbo àti ọ̀kan ní Ore, bí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ bá gbà. Mo rò pé ìṣòro tòótọ́ kò sí níbi ríra nǹkan wọ̀nyí. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá, ta ni yóò máa fi ògì sínú pákó náà? Gbogbo wa mọ àga ìjókòó àti ẹ̀rọ amúnáwá tí a ti fi tayọ̀tayọ̀ fún àwọn ibòmíràn, tí kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí wọ́n wà mọ́.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn ìyá wa nínú ẹgbẹ́ ọlọ́jà kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ náà sọ́wọ́, kí ó má ṣe wà lọ́wọ́ akọ̀wé tàbí olùkọ́. Àwọn ni wọ́n mọ ògì tí ó ti kan jù, àwọn náà ni wọ́n mọ iye tí ẹ̀pà ń jẹ́ lọ́jà. Kí nọ́ọ̀sì òru kọ iye abọ́ tí ó jáde sínú ìwé kékeré kan, kí ìyálọ́jà wo ìwé náà ní ọjọ́ ọjà, kí ó sì fi ohun tí ó tán sípò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó àti ní òkè òkun, owó oṣooṣù díẹ̀ tí kò yẹ̀ sàn fún wa ju owó ńlá ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọkọ tí ó bá lówó lọ́wọ́ lè san ti ìyàwó rẹ̀ padà ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe béèrè owó lóru.

Mo ti bá olùdarí ìṣirò owó Ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì ti gbà láti ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún un nínú ìwé rẹ̀. Ìwé tí a ó fi orúkọ sí wà lórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Àwọn ìyálọ́jà ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ, nítorí títí wọn yóò fi gba kọ́kọ́rọ́, a kò ní ra pákó.